Ṣé ẹ̀tọ́ ará ìlú máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Búrẹ́dì ni mo ń tà ní Sángo Ọ̀tà. Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà lọ́dún 2020, àbúrò mi ọkùnrin jáde lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún màmá wa. Ọlọ́pàá mú un lójú ọ̀nà, ó sùn sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì san ₦10,000 láìsí rìsíìtì kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní kò sí ẹ̀tọ́ kankan lásìkò àrùn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé ìwé òfin ju ààrẹ lọ, kò sí ẹni tó láṣẹ láti sé èèyàn mọ́lé. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n lè fi ipá gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára? Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ńkọ́, ṣé ó ti tutù pátápátá?”

Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, torí ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ju ₦10,000 yẹn lọ. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní a ní jẹ́ ohun tí ìjọba lè ká kúrò nílẹ̀ bí ẹní nígbà tí àrùn bá dé, kó sì tún tẹ́ ẹ padà nígbà tó bá wù ú. Ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn kò jàre. Ọkọ yín náà kò jàre tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ súnmọ́ òótọ́ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí àgbọ́ìgbọ́tán ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà lọ́dún náà, àtẹni tó gbé ìbọn, àtẹni tó gbé agbọ̀n búrẹ́dì.

Orí kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni àwọn ẹ̀tọ́ wa wà, láti abala 33 dé 46. Ohun tí wọn kì í sọ fún ará ìlú ni pé agbára àwọn ẹ̀tọ́ yìí kò dọ́gba. Márùn-ún wà nínú wọn tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ nítorí ire gbogbo ìlú: ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni àti ti ilé ẹni ní abala 37, ti ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn ní 38, ti ọ̀rọ̀ sísọ ní 39, ti ìpéjọpọ̀ ní 40, àti ti ìrìn fàlàlà káàkiri Nàìjíríà ní 41. Abala 45 ló sọ bí wọ́n ṣe lè tẹ̀. Ó ní àwọn abala márùn-ún yẹn kò lè sọ òfin kan di òfo, bí òfin náà bá jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu nílùú tí ìjọba tiwa-n-tiwa wà, tí wọ́n sì ṣe é nítorí ààbò, ìwà ọmọlúàbí tàbí ìlera gbogbo èèyàn, tàbí kí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn má baà bàjẹ́. Ìlera gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ gbangba. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá ní kò sẹ́ni tó lè ní ká jókòó sílé, tàbí ká ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fúngbà díẹ̀, ìwé òfin tó gbójú lé gan-an ni yóò dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé àrùn kiri àdúgbò.

Ṣùgbọ́n òfin ni abala 45 sọ. Kò ka àṣẹ ẹnu gómìnà tàbí ìkéde orí tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń wó lulẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rántí Sátidé ìmọ́tótó l'Ékòó, tó jẹ́ pé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì. Wọ́n mú obìnrin kan lọ́jọ́ ìmọ́tótó, wọ́n gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Kò gbà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì sọ lọ́dún 2016 pé àṣẹ gómìnà kì í ṣe òfin. Wọ́n tọ́ka sí abala 36, ẹsẹ̀ 12, tó ní a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ohun kan bí kò bá sí òfin àkọsílẹ̀ tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ìyà tó so mọ́ ọn. Ọdún yẹn náà ni Èkó dẹ́kun sísé ọ̀nà ní Sátidé ìmọ́tótó. Mo fẹ́ràn gọ́tà mímọ́ bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ìdájọ́ yẹn sì dùn mọ́ mi dòní, torí pé ó sọ fún ìjọba pé bí ohun kan bá dára fún ìlú, kí wọ́n jókòó kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀tọ́ tí kò sí nínú márùn-ún yẹn: ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ẹni, sí iyì ẹni, sí òmìnira ara ẹni, sí ìgbẹ́jọ́ òdodo, sí ohun ìní ẹni, àti ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má ṣe ojúsàájú síni. “Ìlera gbogbo èèyàn” inú abala 45 ẹsẹ̀ kìíní kò kan àwọn wọ̀nyí. Méjì péré nínú wọn, ẹ̀mí àti òmìnira, ni òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tún lè fọwọ́ kàn, ó sì di ìgbà tí ìkéde ìlú-ò-fararọ, ìyẹn ìkéde pàjáwìrì, bá wà nílẹ̀ lábẹ́ abala 305. Nígbà náà gan-an, ti ẹ̀mí kò kọjá ikú tó bá ogun wá. Ìkéde abala 305 kì í sì í ṣe ohun tí ààrẹ ń dá ṣe. Ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn, láàárín ọjọ́ méjì bí wọ́n bá ń jókòó, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá bí wọ́n bá wà ní ìsinmi. Ní 2020, Ààrẹ Buhari kò ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ nítorí Kòrónà. Ọ̀rọ̀ náà “pàjáwìrì” wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lóòótọ́, lórí rédíò, lẹ́nu dókítà, lẹ́nu ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n pàjáwìrì tí ìwé òfin mọ̀ kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀gá yẹn kò jàre rárá.

Kí wá ni ìjọba gùn lé? Lálẹ́ Sunday, 29 March 2020, ààrẹ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí Èkó, Ògùn àti Abuja wà nílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Wole Soyinka àtàwọn lọ́yà kan yára béèrè ibi tó ti rí agbára yẹn. Ní 30 March ni ó fọwọ́ sí ìlànà Kòrónà tí wọ́n kọ sílẹ̀, lábẹ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ nítorí àrùn tí àwa lọ́yà ń pè ní Quarantine Act. Ògùn tiyín sún tirẹ̀ síwájú di alẹ́ Friday, 3 April, kí àwọn èèyàn lè ra oúnjẹ sílé. Òfin ìyàsọ́tọ̀ yẹn ti pẹ́ gan-an. Ọdún 1926 ni àwọn òyìnbó ṣe é, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa èèyàn l'Ékòó. Ó fún ààrẹ láyè láti pe àrùn kan ní àrùn eléwu tó ń ràn, kó sì ṣe ìlànà lé e lórí, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún gómìnà bí ààrẹ kò bá tíì ṣe é. Ìyà tó kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá rú ìlànà náà ni ₦200, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Mo mọ̀ pé Èkó lo òfin ìlera tirẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n fi bu ₦100,000 lé gbajúgbajà òṣèré kan tó ṣe ọjọ́ ìbí nígbà náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, igba náírà ni owó ìtanràn. Ẹ wá fi ₦10,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín wé e.

Èrò tèmi ni pé kónílé-ó-gbélé àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá òfin mu. A kò mọ àrùn náà dáadáa, ìlànà àkọsílẹ̀ wà, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Àwọn akẹgbẹ́ mi tí mo bọ̀wọ̀ fún kò gbà fún mi. Wọ́n ní òfin 1926 tí ìjọba amúnisìn ṣe kò lè bójú mu nílùú tiwa-n-tiwa, pé ilé aṣòfin ló yẹ kó ṣe tuntun. Ẹnu wa kò tíì kò lórí rẹ̀. Ibi tí ẹnu wa ti kò ni pé àṣẹ jíjókòó sílé kò sọ àtìmọ́lé di ọ̀fẹ́. Oògùn àti oúnjẹ ṣì ní láti dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ìlànà náà fúnra rẹ̀ sì yọ̀ǹda iṣẹ́ ìlera àti oúnjẹ. Ẹni tó ń ti ilé oògùn bọ̀ pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe?

Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àbúrò yín ṣẹ̀, abala 35 ti sọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un ní àkọsílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, wọn kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ọ̀tà ní ilé ẹjọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kò ní àlàyé. Àwọn kan yóò ní Olórí Adájọ́ ilẹ̀ wa ti ní kí àwọn ilé ẹjọ́ dẹwọ́ láti 24 March ọdún náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú sílẹ̀, kò sì sí ohun tó kánjú ju ẹni tó wà nínú àtìmọ́lé lọ.

Mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn nínú oṣù April yẹn, nítorí ọmọ aládùúgbò mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ni wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú sí. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógójì, orúnkún kan orúnkún nílẹ̀. Ìbòmú kan ṣoṣo ni mo rí láàárín wọn, ọrùn ẹni tó ni ín ló sì wà. Ìyá àgbàlagbà kan di ike ògì mú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ògì náà ti ń hó. Mo béèrè ìwé ẹ̀sùn, wọ́n mú ìwé kíkọ ọmọ iléèwé kan wá, orúkọ àti iye owó ló wà nínú rẹ̀. Lápá òkè, wọ́n kọ ọ́ pé “rírú àṣẹ”. Mo ní àṣẹ wo, abala wo, òfin wo? Ọlọ́pàá tó jókòó síbẹ̀ kò bú mi, ó kàn wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n rán an jáde láti dènà àrùn, ó sì kó mọ́kànlélógójì èèyàn jọ sójú kan. Ohun tí abala 45 ń pè ní “èyí tó bọ́gbọ́n mu” nìyẹn gan-an. Ohun tí o ń ṣe gbọ́dọ̀ wúlò fún ìdí tí o fi ń ṣe é. Àtìmọ́lé tó kún fọ́fọ́ kò dènà àrùn atẹ́gùn kankan.

Mo ní láti sọ ẹ̀gbẹ́ kejì náà, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 35 kan náà, ẹsẹ̀ kìíní, ìlà “e”, gbà kí wọ́n dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró, fún ìtọ́jú rẹ̀ tàbí láti dáàbò bo ará ìlú. A ti rí oore rẹ̀. Ní 20 July 2014, ọkùnrin kan tó ní Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Obalende. Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kó jáde. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà fúngun mọ́ wọn pé wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Wọn kò yẹ̀. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú nílẹ̀ wa, mẹ́jọ kú, dókítà náà wà lára wọn. Ó kú ní 19 August. Ní 20 October, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí ó bá ti fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ kó wọ Èkó lọ, n kò lè ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i pé ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ìwà ìkà. Ibi tó ti le díẹ̀ ni ti ẹni tó kàn súnmọ́ aláìsàn, tí ara tirẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan hàn. Ìwé òfin sọ pé “ẹni tó ní àrùn”. Ní 2014, ilé wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ yẹ irú wọn wò lójoojúmọ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Èmi gbà pé ọ̀nà yẹn ló bá òfin mu jù.

Ní ti ẹ̀mí èèyàn, kò sí àríyànjiyàn. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílẹ̀ wa sọ pé láàárín 30 March sí 13 April 2020, àwọn agbófinró pa èèyàn méjìdínlógún nídìí fífi ọwọ́ òfin mú kónílé-ó-gbélé. Àwọn tí Kòrónà pa nígbà náà kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé òfin tó bo irú ìyẹn mọ́lẹ̀. Bákan náà ni ti ilé ìtura méjì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers wó palẹ̀ ní 10 May 2020 pé wọ́n rú àṣẹ. Ohun ìní kò sí lára ẹ̀tọ́ márùn-ún yẹn, wọn ò sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́ kí katakata tó dé.

Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan àti aláìsàn tó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, bí kíkọ̀ náà kò bá ti pa ẹlòmíràn tàbí ìlú lára. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ìjọba yóò dì mú bí àrùn bá dé. Fífi ipá gúnni lábẹ́rẹ́ yóò ṣòro fún ìjọba láti gbè níwájú adájọ́, ìyẹn dá mi lójú dáadáa. Èyí tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n ní ẹni tí kò bá gbà á kò gbọdọ̀ wọ ibi báyìí-báyìí. Ìjọba Ẹdó gbìyànjú rẹ̀ ní 2021, pé láti oṣù September, ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí àjẹsára kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí báǹkì. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Port Harcourt pàṣẹ ní ìparí August pé kí wọ́n dúró ná. Àkọsílẹ̀ òfin tuntun tí wọ́n gbé wá sílé aṣojú-ṣòfin ní 28 April 2020, tí ìbá fún ìjọba lágbára púpọ̀ lórí àjẹsára àti àtìmọ́lé, kò di òfin, torí pé ará ìlú pariwo. Òfin 1926 ni a ṣì ń gbé kiri. Mo ń fẹ́ ká ní tuntun, èyí tí yóò sọ iye ọjọ́, tí yóò ní kí ilé aṣòfin tún un yẹ̀ wò, tí yóò sì sọ ẹni tí yóò fún aláìní lóúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ní kó jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín kò tíì tutù. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 sọ pé iye ọdún tó ti kọjá kò lè ti irú ẹjọ́ yìí pa. Abala 46 ló fún un láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, abala 35 ẹsẹ̀ kẹfà sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé láìtọ́ yóò gba owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Owó tí ẹ san náà kì í ṣe béèlì, torí béèlì ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ẹjọ́ yìí lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Ọlọ́pàá lè sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, ẹ kò sì ní rìsíìtì. Ẹ̀rí ni yóò gbé e ró: ìwé oògùn màmá, ẹni tó tẹ̀lé yín lọ san owó náà, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú àtìmọ́lé, ìpè tí ẹ pe ara yín lọ́jọ́ náà. Bí owó lọ́yà bá wúwo, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń ran aláìní lọ́wọ́ nílé ẹjọ́, Legal Aid Council, náà sì wà. Ọ̀dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni èmi ìbá kọ́kọ́ lọ, torí lẹ́tà wọn máa ń jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá wá ìwé tí wọ́n ní ó ti sọnù.

N kò rí ìwé kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì gbọ́ tẹnu àbúrò yín fúnra rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo sọ kò tíì di ìmọ̀ràn lórí ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó lálẹ́ òní, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó kúrò nílé títí dìgbà tó padà, pẹ̀lú wákàtí tó bá rántí, orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu wọn, àti nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ ọlọ́pàá bó bá rí i. Kí ẹ̀yin náà kọ tiyín lọ́tọ̀, kí ẹ má jọ kọ ọ́. Ẹ kó méjèèjì dání nígbà tí ẹ bá ń lọ.